Ohun Tó Wà Nínú Agolo

Okun o, Ìbítóyè.
O tún ti Ọbájànà dé,
eruku sìmẹ́ńtì ti sọ ọ́ di olórí ewú
lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógójì.
Tírélà rẹ ṣì ń mí hẹlẹ lẹ́bàá gọ́tà,
ọwọ́ rẹ ti wà nínú kúlà mi
kí n tó rí bẹ́ǹṣì nù fún ọ.

O gbé agolo náà sókè sí oòrùn Kàbà.
"Ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára fún mi.
Lẹ́tà wọn kéré bí ẹyin iná orí."

Ó dáa. Jẹ́ kí n wá awò ojú mi.

Omi. Èyí ò ṣòro.
Ṣúgà. Mo fi ṣíbí wọ̀n ọ́n lálẹ́ àná,
ṣíbí mẹ́fà ààbọ̀ nínú ife tíì kan ṣoṣo;
Bọ́sẹ̀dé ní, "Màmá, tíì dà?"
Fítámì Sí.
O rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọkàn rẹ balẹ̀.
O ní ṣé mo rí i, oògùn ni.

Ìbítóyè, yí ojú sí ẹ̀yìn ilé mi.
Igi ọsàn mẹ́ta, ìyàwó ilé kan ló gbìn ín kí n tó dé.
Ó ń já, ó ń jẹrà,
ewúrẹ́ pàápàá ti fi imú gbò ó kúrò lọ́nà.
Nígbà tí eyín wa bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ní kékeré,
"Lọ fa ọsàn mu" ni ìyá wa ń wí,
kò fún un ní lẹ́tà kankan.

Taurínì. Èyí ò yé mi,
mo bi tíṣà kẹ́mísìrì tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi.
Ó ní ara akọ màlúù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí orúkọ rẹ̀,
ó ní ó wà lára ìwọ náà,
ẹ̀dọ̀ rẹ ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀.
Akọ màlúù nìkan lo gbọ́.
O na àyà. Mo rí ọ.

Kafeení.

Bàbá tó bí ìyá mi ní oko kọfí ní Ìyámoyè.
Ó máa ń so pupa bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọge,
títí ọdún tí àwọn oníkọfí ò yọjú mọ́.
Ó dúró dè wọ́n, àpò méjìlá lẹ́nu ọ̀nà.
Igbó ló rà á níkẹyìn.
Wàyí o, wọ́n ti fọ́n ọn sínú omi dúdú,
wọ́n dì í sínú páànù, wọ́n fi yìnyín sí i,
èmi ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni mo ń tà á fún ọ.

Bí Bàbá bá fẹ́ ṣọ́ oko mọ́jú, obì kan ni.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹni tó bá jí i, ìjà.
"Oorun ni mo yá," a ní, "ẹ jẹ́ n san án."
Ìwọ, láti ọjọ́ Ajé títí di òní,
èló lo ti san?

Mo yí agolo náà lẹ́ẹ̀mejì.
Wọn ò kọ oorun síbẹ̀.

O ní, "Màmá, ẹ fún mi ní méjì."
Mo fún ọ. Mo gba owó rẹ.
Owó ìwé Bọ́sẹ̀dé ni, n ò ní parọ́,
kí n máa ṣe bí ẹni mímọ́ nídìí kúlà.

Okun la fi ń kí ara wa níbí,
okun ọ̀fẹ́, láti ẹnu sí etí,
bẹ́ẹ̀ lo ti kọjá rẹ̀ láìdáhùn.

Mo sáré ka ọsàn mẹ́rin,
mo jù wọ́n sí ọ lójú fèrèsé bí ọkọ̀ ti ń gbéra.
O hán mẹ́ta.
Ìkẹrin yí bọ́ sójú títì,
tírélà tó tẹ̀ lé ọ gùn ún mọ́lẹ̀.

Títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo oríta ń rùn ọsàn.